Ojúkò Ọfà Lórí Ọsán Ọrun Ìbílẹ̀: Àwọn Ìbéèrè Tó Wọ́pọ̀ àti Ìdáhùn Wọn

Kí ni à ń pè ní ojúkò ọfà?

Ojúkò ọfà ni ibi kan ṣoṣo lórí ọsán tí ọfà gbọ́dọ̀ máa wọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ ta á. Ẹ̀yìn ọfà, níbi tí ìyẹ́ rẹ̀ parí sí, ní lílà kan tó máa ń há ọsán. Ẹnu ìdí ọfà ni mo máa pe lílà yẹn nínú gbogbo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí. Bí ẹnu yìí bá wọ ọsán lókè díẹ̀ lónìí, tó sì wọ̀ ọ́ nísàlẹ̀ díẹ̀ lọ́la, ọfà méjèèjì kò ní balẹ̀ síbì kan náà, bó ti wù kí ọwọ́ ẹni tó ta wọ́n dúró ṣinṣin tó.

Kókó ni a fi ń sàmì sí ojúkò. Ó lè jẹ́ òrùka idẹ kékeré tí a fún mọ́ ọsán, ó sì lè jẹ́ òwú tí a ta yí ọsán ká títí tó fi yọ gọngọ. Kókó fúnra rẹ̀ kọ́ ni ojúkò. Ohun tó ń dá ọfà dúró kó má baà yọ̀ kúrò ní ojúkò ni.

Ṣé dandan ni kí ọsán mi ní kókó?

Kì í ṣe dandan. Àwọn kan ń fi ojú lásán wò ó, àwọn mìíràn sì ń fi íńkì sàmì sára òwú tí a wé mọ́ àárín ọsán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí ọfà yín máa balẹ̀ síbì kan náà, tí ẹ sì fẹ́ mọ ìdí tí kò fi balẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó bá ṣìnà, ẹ ta kókó. Láìsí i, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ọwọ́ yín ló ṣàṣìṣe tàbí ibi tí ẹ fi ọfà sí.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó wọn ohunkóhun?

Àlàfo ọsán ni kí ẹ kọ́kọ́ mú tọ́, ìyẹn bí ọsán ṣe jìnnà sí ibi ìdìmú nígbà tí ọrun bá wà ní dídè. Ọrun gbọọrọ tí apá rẹ̀ kò yí padà sábà máa ń gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 19. Èyí tí ṣóńṣó apá rẹ̀ yí síwájú máa ń gba nǹkan bíi 18 sí 23. Iye tí ẹni tó gbẹ́ ọrun yín bá sọ ni kí ẹ fi ṣáájú. Òṣùwọ̀n àtijọ́ tí kò nílò rúlà ni pé kí ẹ di ìkúùkù lé ibi ìdìmú, kí ẹ na àtàǹpàkò sókè: ó yẹ kí orí àtàǹpàkò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọsán.

Bí ẹ bá lọ́ ọsán sí i, á kúrú, àlàfo á pọ̀ sí i; bí ẹ bá tú u, á gùn, àlàfo á dín kù. Ìgbàkígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ojúkò lè sún díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ́kọ́ ta kókó, tó wá ń lọ́ ọsán lẹ́yìn náà, fi máa ń ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ọsán tuntun tún máa ń nà, pàápàá èyí tí a fi òwú pọ́líẹ́sítà ṣe. Ẹ de ọrun náà sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ ta ọfà bíi 50 pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ tún àlàfo wọ̀n, kí ẹ tó pinnu ojúkò.

Idẹ tàbí òwú: èwo ló dára jù?

Òrùka idẹ yá láti fi sí. Ẹ̀mú ni a fi ń fún un, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju òwú lọ, ohunkóhun tó bá sì wúwo ní àárín ọsán máa ń dín eré ọfà kù díẹ̀. Etí rẹ̀ máa ń jẹ òwú abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń ha awọ tí a fi bo ìka.

Òwú ni èmi fara mọ́, kì í sì í ṣe nítorí pé ó fúyẹ́ nìkan. Kókó òwú tí a ta dáadáa ṣeé yí sókè tàbí sódò lórí òwú tí a wé mọ́ ọsán, bí nọ́ọ̀tì ṣe ń yí lójú bóòtù, nítorí pé ojú òwú tí a wé náà dà bí ojú bóòtù gan-an. Ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ sún un ní ìdajì mìlímítà láìtú u. Òrùka idẹ náà lè yí díẹ̀ bí a kò bá fún un pa, ṣùgbọ́n bó ṣe ń yí ló ń gé òwú.

Bí ẹ bá ṣì ń wá ojúkò yín, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ó gbé e káàkiri, kò sí ohun tó burú nínú fífi idẹ wá a, kí ẹ wá fi òwú rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ọkàn yín bá ti balẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè wọn ojúkò?

Rúlà kékeré kan wà fún iṣẹ́ yìí, ó rí bíi lẹ́tà T. Orí rẹ̀ máa ń há ọsán, apá rẹ̀ gígùn a sì sùn lé pẹpẹ ọrun, níbi tí ọfà máa ń sùn sí. Apá yìí ló ń fi ìlà tó ṣe igun 90 pẹ̀lú ọsán hàn. Láti orí ìlà yìí ni a ti ń ka mìlímítà lọ sókè. Ọrun gbọ́dọ̀ wà ní dídè nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n.

Ẹni tí kò bá ní rúlà yìí lè gé páálí líle ní igun 90, kó fi etí kan lé pẹpẹ, kó sì fi èkejì ti ọsán. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà tín-ín-rín sára ọsán, ẹ gbé páálí kúrò, ẹ tún gbé e padà. Bí ìlà kejì kò bá bọ́ sórí ìkíní, páálí yẹn ń mì lọ́wọ́ yín, ẹ tún un wọ̀n.

Gíga mélòó ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Bí ìka kan bá wà lókè ọfà tí méjì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fa ọsán, ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ kókó òkè, ìyẹn kókó tó wà lókè ọfà, fi nǹkan bíi mìlímítà 13 ga ju ìlà igun 90 lọ. Bí ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nísàlẹ̀ ọfà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 16 sí 19. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàdédé wà. Nígbà tí gbogbo ìka bá wà nísàlẹ̀, ibi tí agbára ọwọ́ wà lórí ọsán sún wálẹ̀, apá ìsàlẹ̀ ọrun sì gba ẹrù tó pọ̀ sí i, nítorí náà ìdí ọfà nílò láti ga sí i kó tó lè kọjá lórí pẹpẹ láìfarakàn án.

Ẹ kíyè sí i pé ìnípọn ọfà fúnra rẹ̀ wà nínú iye yìí. Ọfà onígi tó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 9 ló wọ́pọ̀. Bí ìsàlẹ̀ kókó òkè bá wà ní 13, a jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ọfà fi nǹkan bíi mẹ́rin péré ga ju ìlà lọ. Ẹni tó bá ń ta kókó tirẹ̀ sí abẹ́ ọfà kò gbọ́dọ̀ lo 13 yìí, nítorí pé orí kókó ìsàlẹ̀ ni yóò máa wọ̀n. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló fà á tí ẹni méjì fi lè sọ iye kan náà fún ara wọn, tí ọfà wọn kò sì ní fò bákan náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni gbogbo iye wọ̀nyí. Rúlà kò lè sọ ibi tí ojúkò yín wà; ọfà ló máa sọ ọ́. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín iye méjì, ẹ mú èyí tó ga, kí ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí wà nínú ìdáhùn sí ìbéèrè nípa irọ́ tí ọfà ń pa.

Báwo ni ẹnu ìdí ọfà ṣe yẹ kó há ọsán tó?

Ẹ di ọrun mú kí ọsán wà ní ìbú, ẹ fi ọfà há a, kí ẹ jẹ́ kí ọfà náà máa rọ̀ wálẹ̀. Ó yẹ kó dúró láìjábọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka ta ọsán pẹ́ẹ́ ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ọfà: ó yẹ kó já bọ́. Bí kò bá já bọ́, ó há jù, kò sì ní kúrò lára ọsán wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá já bọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ó tú jù, ewu gidi sì ni èyí, nítorí pé ọfà lè yọ kúrò nígbà tí ẹ bá ti fa ọsán dé òpin. Tí ọsán bá lọ láìsí ọfà níwájú rẹ̀, gbogbo agbára ọrun á padà sínú igi rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ọrun tí a ta lófo lè di ọ̀pá kí ọsán tó já rárá.

Òwú tí a wé mọ́ ọsán ni kí ẹ fi tún un ṣe. Bí ọfà bá tú, ẹ fi òwú tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ wé ọsán. Bó bá há, ẹ lo èyí tó tín-ín-rín. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ gbẹ́ inú ẹnu ìdí ọfà onígi kó lè fẹ̀ sí i, nítorí pé ibẹ̀ ni igi ti máa ń là. Ọ̀rọ̀ lílà yìí ti pẹ́: àwọn ọfà tí wọ́n rí nínú Mary Rose, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rì ní 1545 tí wọ́n sì gbé jáde ní 1982, ni wọ́n ti fi ìwo pẹlẹbẹ bọ ìdí wọn kí ọsán má baà là wọ́n.

Báwo ni a ṣe ń ta kókó òwú?

Ẹ gé òwú tó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Irú èyí tí a fi wé ọsán dára; òwú tí a fi ń yọ nǹkan láàárín eyín náà dára, ó sì máa ń di ara rẹ̀ mú. Ẹ fi ìda oyin pa á díẹ̀.

Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sára ọsán ní gíga tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àárín òwú lé ìlà yìí láti ẹ̀yìn ọsán, kí ẹ ta á ní ìkóso kan ṣoṣo níwájú, kí ẹ fà á le. Ẹ gbé ẹnu òwú méjèèjì lọ sẹ́yìn, ẹ tún ta ìkóso kan níbẹ̀, ẹ fà á le. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe, iwájú, ẹ̀yìn, iwájú, ẹ̀yìn, kí ìkóso kọ̀ọ̀kan sùn ti èyí tó ṣáájú rẹ̀, kó má gun orí rẹ̀. Ìkóso mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Ẹ máa wo ìlà pẹ́ńsù yín, nítorí pé ìkóso àkọ́kọ́ ni yóò fara kan ọfà, ibi tó bá sì wà ni ẹ ń ṣiṣẹ́ kúrò, ẹ kì í ṣiṣẹ́ padà síbẹ̀. Fún kókó òkè, ìkóso a máa lọ sókè; fún kókó ìsàlẹ̀, a máa lọ sódò.

Ẹ fi ìdì méjì lórí ara wọn parí rẹ̀, kí ẹ gé ẹnu òwú kó ku mìlímítà méjì. Bó bá jẹ́ òwú tí iná ń yọ́, ẹ sún iná mọ́ ẹnu rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó rọ́ di orí kékeré, kí iná náà má sì dé ara ọsán. Ẹ dúró dìgbà tí ojúkò bá dájú kí ẹ tó kán gúlúù sí i, ẹ̀kán kan ṣoṣo, nítorí pé kókó tó ti gba gúlúù kò ní yí mọ́.

Ṣé kókó kan tó, tàbí kí n ta méjì?

Kókó kan lókè ọfà tó fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ìka kan sókè tí méjì sì wà nísàlẹ̀, nítorí pé ìka tó wà nísàlẹ̀ ń gbé ọfà ti kókó. Fún ẹni tó ń fi ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sísàlẹ̀, mo gbà á nímọ̀ràn kókó méjì. Bí ọsán bá ti kúrò lọ́wọ́, kò sí ohun tó di ọfà mú lábẹ́ mọ́, ó sì lè yọ̀ wálẹ̀ lórí ọsán kó tó kúrò lára rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí kókó méjì fún ọfà pa. Bí a bá ti fa ọsán dé òpin, ó máa ń ṣe igun ní ojúkò, igun yẹn sì máa ń sún kókó méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Ọrun kúkurú ló máa ń ṣe igun tó mú jù. Ẹ fi àyè bí ìnípọn páálí tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín ọfà àti kókó ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọfà ń gbéra lórí pẹpẹ bí ẹ ṣe ń fa ọsán, àyè yẹn kéré jù, tàbí kí ìka yín máa fún ìdí ọfà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ojúkò mi tọ́?

Ẹ wá ọfà mẹ́ta tó ní ìyẹ́ àti méjì tí kò ní, kí gígùn wọn, igi wọn àti orí wọn jọra. Láti nǹkan bíi mítà 15, ẹ ta gbogbo wọn sí àmì kan náà. Ìyẹ́ máa ń tún ìfò ọfà ṣe, ó sì máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ọfà tí kò ní ìyẹ́ kò lè bo ohunkóhun.

Bí àwọn tí kò ní ìyẹ́ bá balẹ̀ sísàlẹ̀ àwọn tó ní, ojúkò ga jù, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí wọ́n bá balẹ̀ sókè wọn, ojúkò rẹlẹ̀ jù, ẹ gbé e ga. Mìlímítà kan sí méjì ni kí ẹ máa sún un, kí ẹ tún ta gbogbo ọfà náà. Ibi tí wọ́n balẹ̀ sí ṣe é gbára lé ju bí ìdí wọn ṣe tẹ̀ lọ, nítorí pé koríko inú àfojúsùn lè yí ọfà padà nígbà tó bá ń wọlé. Bí wọ́n bá lọ sí ọ̀tún tàbí òsì, ẹ má fọwọ́ kan ojúkò. Ọ̀rọ̀ líle tàbí rírọ̀ igi ọfà nìyẹn.

Ẹ ṣe é nígbà tí ara yín ṣì le. Ìka tó ti rẹ̀ máa ń tú ọsán sílẹ̀ lọ́nà mìíràn, ẹ ó sì máa fi kókó tún àárẹ̀ ṣe.

Mo ń sọ ojúkò kalẹ̀, síbẹ̀ ìdí ọfà mi ń fò lókè sí i. Kí ló dé?

Ó ṣeé ṣe kí ọfà yín máa parọ́ fún yín. Bí ojúkò bá rẹlẹ̀ jù, ìdí ọfà máa ń gbá pẹpẹ bó ṣe ń kọjá, pẹpẹ a sì tì í padà sókè. Ohun tí ẹ rí ni ọfà tí ìdí rẹ̀ wà lókè, èyí tó jọ àmì ojúkò tó ga jù. Bí ẹ bá gba ohun tí ojú rí gbọ́, tí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ ń fi kún ohun tó ń bà á jẹ́ ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ sún kókó wálẹ̀ lórí ọrun mi àkọ́kọ́, ìfò ọfà sì ń burú sí i. Ìgbà tí mo tẹ orí ba tí mo wo pẹpẹ náà dáadáa ni mo rí ìlà dúdú kan tó ń dán lórí awọ rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀gún, ní ibi tí ìdí ọfà ti ń gbá a; ìyẹ́ ìsàlẹ̀ sì ti jẹ ní ìtòsí ìdí rẹ̀. Mo gbé kókó ga ní mìlímítà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ọfà sì tọ́.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò nìyí: ẹ gbé ojúkò ga ní mìlímítà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ju bí ẹ ṣe rò pé ó yẹ lọ. Bí ìfò ọfà bá dára sí i, irọ́ ni àmì tẹ́lẹ̀. Bó bá burú sí i, òótọ́ ni, ẹ dá a padà, kí ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ tún lè bu páúdà sórí pẹpẹ kí ẹ tó ta. Ibi tí páúdà bá ti nù ni ọfà ti fara kàn. Nítorí èyí ni mo ṣe ní kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti òkè: láti òkè wá, ọfà kì í parọ́.

Ọrun mi kò ní pẹpẹ, orí ọwọ́ ni ọfà ń sùn lé. Kí ni mo máa wọ̀n?

Ọwọ́ yín ni pẹpẹ yín, bó bá sì sún, ojúkò ti yí padà nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ sàmì sí ibi tí etí òkè ọwọ́ gbọ́dọ̀ dé, bóyá nípa wíwé okùn tàbí awọ tí ìka lè mọ̀ láìwò ó. Láti orí àmì yẹn ni kí ẹ ti wọ̀n, kí ẹ sì fi mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta kún iye ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ kì í tẹ́ bíi pẹpẹ. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́ náà: ẹnu ìyẹ́ tó bá gbéra níwájú lè wọ inú ẹran ara.

Àtàǹpàkò ni mo fi ń fa ọsán. Ǹjẹ́ ohun kan yí padà?

Ẹ lo òwú, ẹ má lo idẹ. Idẹ máa ń há òrùka àtàǹpàkò tàbí kó gé awọ rẹ̀. Àtàǹpàkò wà nísàlẹ̀ ọfà pátápátá, ìka ìfábẹ̀lá sì ń ti ọfà láti ẹ̀gbẹ́, nítorí náà kókó tó ga tó sì gbọọrọ kò ní àyè. Ẹ ta á pẹlẹbẹ, ìkóso mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ sì fi ọfà tí kò ní ìyẹ́ wá gíga rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n bí mo bá pààrọ̀ ọsán tàbí ọfà?

Fún ọsán tuntun, bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú kan náà ni. Ẹ kọ àlàfo ọsán àti gíga kókó sílẹ̀ kí ẹ tó tú ti àtijọ́. Fún ọfà tuntun, ẹ wo ìnípọn rẹ̀ àti bí ẹnu ìdí rẹ̀ ṣe há ọsán. Bí èyíkéyìí bá yàtọ̀, ẹ tún un dán wò. Yíyí láti ìka kan lókè sí ìka mẹ́ta nísàlẹ̀ náà ń béèrè ojúkò tuntun.

Ǹjẹ́ òfin ìdíje gba kókó méjì?

Òfin World Archery, àjọ tó ń bójú tó ìdíje ọfà títa lágbàáyé, gbà á kí kókó kan tàbí méjì wà lórí ọsán láti fi ojúkò hàn. Nínú ìsọ̀rí ọrun tí a kò fi ohun èlò ìfojúsùn sí, ohun tí wọn kò gbà ni àmì tó ń kan ètè tàbí imú, nítorí náà ẹ gé ẹnu òwú kókó yín kúrú dáadáa kí ẹ tó gbé ọrun kalẹ̀ fún àyẹ̀wò.